Má tíì tẹ "yes"

Ìbéèrè mẹ́ta nípa díìsìkì kọ̀ǹpútà ni mo mú nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù, torí pé nígbà tí ẹni tó ni ín kọ ọ́ sí wa, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì tó lè ba gbogbo nǹkan jẹ́. Mo ti pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má rò pé mo fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ títí ìwé ìròyìn fi máa jáde.

Ìbéèrè kìíní

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ayàwòrán ni mí, mo máa ń ká fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ọ̀nà Ìgbógbó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ní àpótí NAS oníhò mẹ́rin tí mo ń kó fáìlì pamọ́ sí, díìsìkì 4TB mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, RAID 5 ni wọ́n bá mi ṣe é. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, iná díìsìkì kẹta pọ́n, àpótí náà sì ń ké píì-píì. Mo sáré lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà, mo ra tuntun, mo kì í bọ ihò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rebuild, ìyẹn ni pé ó ń ṣírò ohun tó wà lórí èyí tó kú, ó ń kọ ọ́ sórí tuntun. Ó dé 41%, ni mo bá lọ sùn. Nígbà tí mo máa fi dé lọ́jọ́ kejì, iná díìsìkì kìíní náà ti pọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé 'volume crashed', pé àpapọ̀ wọn ti wó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ 'create' sí, pé yóò tún gbogbo ẹ̀ tò. Mo ti tẹ̀ ẹ́ o, ó wá ń bi mí ní 'yes' tàbí 'no'. Iṣẹ́ oníbàárà mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀. Ìyàwó kan tiẹ̀ ń bọ̀ wá gba ti ẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ṣé ó ti lọ nìyẹn?"
Ayàwòrán, Ìgbógbó

Ìdáhùn

Kò tíì lọ, àbúrò. Àmọ́ bí o bá tẹ "yes" yẹn, èyí tó kù kò ní pẹ́ lọ. "Create" kì í ṣe àtúnṣe. Ilé tuntun ló ń kọ́ lé ìpìlẹ̀ àtijọ́, kì í sì í béèrè bóyá àwọn ayálégbé ṣì wà nínú ilé. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ràn rẹ, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n kó lọ jókòó ná.

Tẹ "no", kó o sì pa àpótí náà bó ṣe yẹ kí wọ́n pa á, má kàn fa wáyà yọ. Kí o tó yọ díìsìkì kankan, mú bírò àti sẹlotéèpù. Lẹ nọ́ńbà ihò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà mọ́ ọn lára, kó o tún kọ serial number wọn sínú ìwé. Díìsìkì kẹta àtijọ́ tí iná rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, níbo lo jù ú sí? Lọ wá a jáde, bó jẹ́ inú garawa ìdọ̀tí ló wà. Ó lè jẹ́ òun ló máa gbà wá sílẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí yẹn fún ọ. Ìyá mi máa ń gba àjọ ní ọjà Sábó níbí. Ká ní obìnrin mẹ́ta ló ń dá a lọ́dọ̀ rẹ̀, tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, tó wá ní ìwé kẹrin tó ń kọ àròpọ̀ sí. Ẹni àkọ́kọ́ mú náírà 7,000 wá, ẹnì kejì 5,000, ẹnì kẹta 8,000. Ìwé kẹrin á sọ pé 20,000. Bí òjò bá pa ìwé ẹnì kejì, tí a ò rí nǹkan kà níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rù ò bà wá. A ó yọ 7,000 àti 8,000 kúrò nínú 20,000, 5,000 tirẹ̀ á jáde síta kedere. Bí òjò bá wá pa ìwé ẹnì kejì àti ti ẹnì kẹta ńkọ́? A mọ̀ pé 13,000 ni àwọn méjèèjì jọ ní, ṣùgbọ́n èló ni ti lágbájá, èló ni ti tàmẹ̀dò? Ìjà ọjà ló kù.

RAID 5 nìyẹn. Ìṣirò tó ń lò, XOR ni orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ìròpọ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Kì í sì í kó gbogbo àròpọ̀ sórí díìsìkì kan ṣoṣo bíi ti ìyá mi. Ó ń pín in yíká àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lónìí sórí eléyìí, lọ́la sórí ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí 4TB mẹ́rin fi fún ọ ní 12TB, kì í ṣe 16. Ẹyọ kan lè kú, kó o má pàdánù fáìlì kankan. Tí méjì bá kú pọ̀, ó parí. Àwọn tó fẹ́ kí méjì lè kú ló ń ṣe RAID 6, tó ń tọ́jú àròpọ̀ oríṣi méjì. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1988 ni Patterson, Gibson àti Katz gbé ìwé jáde lé e lórí ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà. Nígbà yẹn, ohun tí wọ́n ń wá ni bí díìsìkì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú ṣe lè parapọ̀ ṣe iṣẹ́ díìsìkì ńlá olówó gọbọi.

Kí ló wá pa díìsìkì kìíní? Mo gbà pé kò tíì kú, àìsàn ló ń ṣe é. Wò ó: kí díìsìkì tuntun tó lè kún, àpótí náà gbọ́dọ̀ ka àwọn mẹ́ta yòókù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá ń sáré 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé ní wákàtí méje láìsinmi. Àwọn fídíò ìsìnkú kan wà níbẹ̀ tí o kò ṣí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ti jẹrà díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀, torí pé ẹnikẹ́ni ò kà á. Rebuild dé ibẹ̀, ó béèrè ọ̀rọ̀. Díìsìkì náà gbìyànjú, kò rí i kà, ó tún gbìyànjú. Díìsìkì tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà lásán lè wà lẹ́nu ẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó dáhùn, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n ṣe fún NAS máa ń jáwọ́ lẹ́yìn nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá méje, kí àpótí lè fi àròpọ̀ ṣírò ohun tó sọnù. Tìrẹ dákẹ́ pẹ́ jù. Àpótí ní ó ti kú, ó sì lé e síta. Bí wọ́n ṣe sin ẹni tó ń ronú ìdáhùn lọ́wọ́ nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe díìsìkì olówó pọ́ọ́kú fúnra wọn ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé èèyàn lè bá ojú kan tí kò ṣeé kà pàdé nínú nǹkan bíi 12.5TB tó bá kà. Lójú ayé, ó máa ń dára ju bí ìwé ṣe sọ lọ. Ṣùgbọ́n rebuild tìrẹ, 4TB lọ́nà mẹ́ta, 12TB ló fẹ́ kà. Tún fi kún un pé inú páálí kan náà ni wọ́n ti mú díìsìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan náà, ooru kan náà ló mú wọn, iná kan náà tó ń lọ tó ń bọ̀ ló gbá wọn. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá ń wú ikọ́, ó yẹ ká máa wo àwọn yòókù lójú.

Ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù nìyí, mo tún un sọ fún àwọn tó ń kà á. Kò sẹ́ni tó ń fi díìsìkì tó ń ṣàìsàn ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ la ó ṣe, ẹ̀dà náà la ó sì máa lò. Ra díìsìkì tuntun tó tó 4TB tàbí tó jù ú lọ. Má lo èyí tó wà nínú ihò kẹta, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Tún ra 8TB kan tí a máa kó ẹrù lé, nítorí o ní 7TB ló kún. Bí o bá ń rà á, ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá tuntun wé. Mo ti rí èyí tó sun ilé sáfà, ìyẹn ilé tí kọ̀ǹpútà ńlá ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ní òkè òkun fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n wá tà á fún ọmọ Ìkòròdú ní tuntun. Smartctl, irinṣẹ́ tó ń yẹ ìlera díìsìkì wò, ni mo fi ń wo Power_On_Hours, ìyẹn iye wákàtí tí iná ti wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, kò yẹ kó ju wákàtí díẹ̀ lọ. Àwọn kan tún gbọ́n débi pé wọ́n ń dá a padà sí òdo, nítorí náà wo ojú ibi tí wáyà ń wọ̀ bóyá àpá ti wà níbẹ̀.

Kó o tó fi díìsìkì kìíní sínú ohunkóhun, tẹ́tí sí i nígbà tí iná bá wọ̀ ọ́. Bó bá ń kùn bí oyin, ó dára. Bó bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́, tó dákẹ́, tó tún dún kọ́, kọ́, kọ́, pa á kíá, má sì tàn án mọ́. Orí tó ń kàwé nínú rẹ̀ ló ń kọlu nǹkan yẹn, iṣẹ́ àwọn tó ní yàrá tí eruku ò wọ̀ ni, owó wọn sì le. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u wò lórí tábìlì ní Sábó. Àlàfo tó wà láàárín orí yẹn àti ojú àwo kò tó kí eruku kan ṣoṣo kọjá níbẹ̀. Inú fíríìjì tí wọ́n ń sọ káàkiri yẹn ńkọ́? Fi ẹja síbẹ̀.

Tìrẹ kò dún kọ́-kọ́. Ọpẹ́ ni. Irinṣẹ́ tá a ń lò ni ddrescue, lórí kọ̀ǹpútà tó ní Linux:

ddrescue -f -n /dev/sdb /dev/sdc aworan.map

Èyí tó ń ṣàìsàn (/dev/sdb níbí) ló máa ń ṣáájú, tuntun (/dev/sdc) ló máa ń tẹ̀lé e. Bí o bá yí i padà, òfìfo lo máa dà lé iṣẹ́ oníbàárà mọ́kànlélógún lórí, torí náà fi serial number inú ìwé rẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa irinṣẹ́ yìí ni pé ó ní làákàyè. Ó kọ́kọ́ ń kó gbogbo ibi tó rọrùn, ó ń fo ibi tó ń yọnu. Lẹ́yìn náà lèèyàn á tún fi -r3 rán an padà sí ibi tó fò. Fáìlì map yẹn wá ṣe pàtàkì gan-an fún àwa tá à ń gbé ìhín, nítorí inú rẹ̀ ló ń kọ ibi tó dé sí. Wọ́n lè mú iná lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru, bí o bá tún àṣẹ kan náà pa, ibi tó kúrò ni yóò ti máa lọ. Síbẹ̀, inverter ni kó o gbé e lé, má gbé e lé jẹnẹrétọ̀ tó ń jó bí egúngún.

Lẹ́yìn tí ẹ̀dà bá parí, mo ní kó gbé gbogbo rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Apá tó kù yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ lójú ogun. Ọ̀pọ̀ àpótí NAS, Linux md, ètò tó ń so díìsìkì pọ̀ di RAID, ló wà nínú wọn, nítorí náà díìsìkì wọn ṣeé so mọ́ kọ̀ǹpútà lásán. Àṣẹ mdadm --examine á sọ Events ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wa, ìyẹn nọ́ńbà tó ń gòkè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Èyí tí tirẹ̀ kéré jù ló kọ́kọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, ìròyìn rẹ̀ ti di àná. Díìsìkì kẹta àtijọ́ nìyẹn, a kì í fi ṣe ẹlẹ́rìí àfi bí kò bá sí ẹlòmíràn. Ẹ̀dà díìsìkì kìíní, pẹ̀lú ìkejì àti ìkẹrin, la ó fi --assemble --force pè jọ, kì í ṣe --create. A ó sì ṣí i ní kíkà nìkan, kó má lè kọ ohunkóhun sórí ara rẹ̀. Fódà ìyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ká kọ́kọ́ kó.

O bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí mo fi ń pariwo lórí nọ́ńbà àti sẹlotéèpù. Àbúrò, ojú mi ló rí i. Lọ́dún 2013, nínú òjò oṣù keje, ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú yìí gbé sáfà wá bá mi. Díìsìkì mẹ́rin, RAID 5, ọ̀kan ti kú. Ojú kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé disk 2 ni. Mo ka ọ̀kan, mo ka èjì, mo fa èjì yọ. N ò rántí pé kọ̀ǹpútà kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan, òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Disk 2 ni ìkẹta. Èyí tó ń mí ni mo fà yọ, mo fi òkú sílẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rí [UU_U] tí Linux máa ń kọ, U fún alààyè, ìlà ìsàlẹ̀ fún àyè ẹni tó kú, ìka ni mo fi ń kà á: òdo, ọ̀kan, èjì.

Àṣìṣe yẹn nìkan kò pa nǹkan. Ìpayà tó tẹ̀lé e ló pa á. Mo sáré kì í padà, káàdì RAID ní àjèjì ni, pé ṣé kí òun gbà á wọlé tàbí kí òun pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Mo tẹ èyí tó yẹ kí n má tẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tún tẹ initialize, èyí tó ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Orin ọdún mọ́kànlá ló wà lórí ẹ̀. Nígbà tí mo lọ sọ fún wọn, obìnrin tó ń darí akọrin ò bá mi jà. Ó kàn béèrè pé, "Ohùn màmá mi ńkọ́? Inú ẹ̀ ló wà." Màmá yẹn ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ kí nìyẹn fẹ́ ṣe.

Kí n tó fi abala yìí ránṣẹ́ sí olóòtú, ddrescue ayàwòrán wa ti parí. Nínú 4TB, 312kB ló kọ̀ tí kò ṣeé kà. Ó lè jẹ́ pé nínú fídíò ẹnì kan, àwòrán á fọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí wọ́n ń ná owó fún ìyàwó. Mo ti wo ti ọjọ́ Àbámẹ́ta látòkè délẹ̀, ó mọ́ gaara.

Ìbéèrè kejì

"Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Ìmọ̀tà. Ẹni tó bá wa ra kọ̀ǹpútà ní RAID 1 ni, díìsìkì méjì, pé nǹkan kan ò lè sọnù níbẹ̀. Olùkọ́ kan ti ṣèèṣì pa fódà èsì ìdánwò sáà kejì rẹ́. Ṣé a ò lè mú u jáde láti inú díìsìkì kejì?"
Ìyá Ilé-Ẹ̀kọ́, Ìmọ̀tà

Ìdáhùn

Ẹ má bínú, Màmá, a ò lè rí i níbẹ̀. Dígí ni RAID 1. Bí ẹ bá dúró síwájú dígí, tí ẹ ṣí gèlè, ṣé ẹni inú dígí lè ní òun ò ṣí tòun? Ìgbà tí olùkọ́ yẹn tẹ delete, orí méjèèjì ló ti pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Díìsìkì tó kú nìkan ni RAID lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa àṣìṣe ọwọ́, kòkòrò kọ̀ǹpútà, olè tàbí àrá. Ẹni tó sọ pé nǹkan kan ò lè sọnù, ọjà ló ń tà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà náà ṣe nǹkan mọ́ títí ọmọ iṣẹ́ mi yóò fi dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí wọn ò bá tíì kọ nǹkan mìíràn lé ibẹ̀, irinṣẹ́ kan wà tó lè wú u jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra díìsìkì àgbéléwọ́ méjì. Kí ọ̀kan máa wà ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ máa gbé èkejì lọ sílé yín, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn lọ́jọọjọ́ Ẹtì. Lẹ́ẹ̀kan ní sáà kan, ẹ ṣí fáìlì kan níbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ kà á. Mo ti bá àwọn kan pàdé tí wọ́n ń ṣe backup fún ọdún méjì gbáko sórí fódà tó ṣófo.

Ìbéèrè kẹta

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Odógùnyàn. Mo pààrọ̀ díìsìkì kan nínú RAID 6 wa, ó wá ń sọ fún mi pé rebuild ku ọjọ́ mẹ́fà. Ṣé kí n yọ ọ́, kí n tún un fi sí i?"
Ọmọbìnrin Sáfà, Odógùnyàn

Ìdáhùn

Má yọ ọ́. Wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára díìsìkì tuntun yẹn, kó o wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá SMR ni. SMR ń kọ ìlà lórí ara wọn bí páànù òrùlé, nítorí náà bí ó bá fẹ́ yí ìlà kan padà, ó ní láti tún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ. Ó dára fún ìtọ́jú fídíò, ṣùgbọ́n inú rebuild ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Lọ́dún 2020, ariwo ńlá ta lórí èyí tí wọ́n kó sábẹ́ orúkọ díìsìkì NAS láìsọ fún ẹni tó ń rà á. CMR, èyí tí ìlà rẹ̀ kì í gun ara wọn, ni kó o máa béèrè.

RAID 6 ni tìrẹ, ẹyọ kan ṣì lè kú kí nǹkan má bàjẹ́, torí náà o ní àyè láti mí. Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tó ṣe pàtàkì jù nísinsìnyí, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni kó o fi ṣíwájú. Sọ fún àwọn tó ń da fáìlì sí i pé kí wọ́n rọra títí di ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n bá ní ta ló fún ọ láṣẹ, fún wọn ní nọ́ńbà mi.